Ta Ló Ni Ìwé Ìròyìn Àná?

Ìwé ìròyìn tó bá ti di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ mẹ́ta ló kù fún un ní Ìgàndò. Àwọn aláàkàrà àti ẹlẹ́pà á fi di ọjà wọn fún oníbàárà. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ á fi bo gíláàsì àti táyà kí ọ̀dà má baà ta sí i. Èyí tó bá ṣẹ́kù á bá pàǹtí lọ sí ààtàn Solous, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti LASU lọ sí Ìṣẹrí, ààtàn tí òórùn rẹ̀ máa ń kí àlejò káàbọ̀ sí àdúgbò wa kí onílé tó jí. Àwa tí à ń kọ èyí jẹ́ ènìyàn díẹ̀ tó wá iṣẹ́ kẹrin fún un. À ń rà á, à ń tò ó sínú páálí, à ń fi káńfọ̀ sí i nítorí kòkòrò, a sì ń gbé páálí náà lé orí pákó nítorí ikán àti àgbàrá. Ohun tí à ń wá jù nínú rẹ̀ ni ojú ìwé tí ẹnìkan ti sọ ohun tó rò nípa fíìmù kan ní ọ̀sẹ̀ tí fíìmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, pàápàá fíìmù káàtúùnù, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù lónìí, tí wọ́n rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni gbogbo ayé ti gbà pé ó dára.

Àwọn ará ilé wa máa ń béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ìwé gbígbó yìí ṣe gan-an?" Wọ́n ní bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíìmù kan dára, ṣebí ká jókòó ká wò ó ni. Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ẹ̀rín gbọ̀n dànù. Ilé ní Ìgàndò kò gbòòrò, owó ilé kì í sì í dúró sójú kan. Yàrá tí a kó páálí mẹ́tàdínlógún sí, àbúrò ẹnìkan lè máa sùn síbẹ̀. Tí a bá máa gba àyè lọ́wọ́ alààyè fún ọ̀rọ̀ ẹnu òkú, ó yẹ ká lè sọ ìdí rẹ̀. A ó gbìyànjú. Ọ̀nà tí a fẹ́ gbà kò tọ́ tààrà o, ẹ bá wa fara dà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú *Snow White and the Seven Dwarfs*. Lónìí, kò sẹ́ni tó máa sọ pé Walt Disney ò mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń yà á lọ́wọ́, àwọn onísinimá ní Hollywood ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ Disney ni wọ́n ń pè é, nítorí wọn ò gbà pé àgbàlagbà lè jókòó fún ohun tó lé ní wákàtí kan kó máa wo àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Fíìmù náà jáde ní Los Angeles ní 21 December 1937. Nígbà tó dé New York ní January 1938, Frank S. Nugent, tó ń kọ àríwísí fíìmù fún *New York Times*, yìn ín gidigidi. Àwọn kan rò pé torí ká lè máa fi àwọn ará àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ la ṣe ń kó àríwísí wọn jọ, ká lè sọ pé "ẹ wo bí wọ́n ṣe gọ̀ tó!" Rárá o. Nugent rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kó tó di pé gbogbo ayé gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. Ìgboyà wà nínú ìyẹn. Àwa tí à ń yin fíìmù kan náà lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún ó lé, ewu wo la fi wu?

Ti *Fantasia* ló le. Ó jáde ní New York ní 13 November 1940. Kò ní ìtàn kan pàtó. Orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù ni wọ́n ń fi àwòrán tẹ̀lé, Leopold Stokowski ló sì darí àwọn olórin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn ín. Ṣùgbọ́n Dorothy Thompson, akọ̀ròyìn obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ ọ́ sínú *New York Herald Tribune* pé díẹ̀ ló kù kí orí òun dàrú nígbà tí òun jáde nínú ilé sinimá náà. Ó fi ohun tó rí wé ìwà àwọn Násì. Tí ẹ bá gé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan jáde, tí ẹ fi férémù sí i, tí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, gbogbo ẹni tó bá kà á á bú sẹ́rìn-ín. Káàtúùnù tí erinmi ti ń jó nínú rẹ̀, òun ni màdáámú yìí pè ní Násì?

Ẹ má gé e jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ sínú ìwé ìròyìn tó wà. Alẹ́ ọjọ́ kejì tí *Fantasia* jáde, ìyẹn 14 November, ni ọkọ̀ òfurufú Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù lé Coventry lórí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kàtídírà ìlú náà jóná. London ti ń jó láti September. Thompson fúnra rẹ̀, ìjọba Hitler ti lé e jáde kúrò ní Jámánì ní 1934 nítorí ohun tó kọ nípa ọ̀gá wọn, ó sì ti ń pariwo láti ìgbà náà pé iná ń bọ̀. Ẹni tí ó ní irú ìròyìn yẹn lórí ló wọ ilé sinimá lọ, ó gbọ́ orin Beethoven, ó sì rí i tí wọ́n kó ẹṣin abìyẹ́ àti ọmọ jòjòló abìyẹ́ lé e lórí. A ò sọ pé ó tọ̀nà o. Lójú tiwa, fíìmù náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn bá ka ìròyìn ogun lójú ewé àkọ́kọ́, tó wá ṣí i dé ibi tí Thompson ti ń bínú, ẹ̀rín yẹn ò ní lè jáde mọ́. Á rí i pé kì í ṣe káàtúùnù nìkan ni obìnrin náà ń bá jà.

Ìdí nìyẹn tí àwa kì í fi gé ìwé. Àwọn olùkójọ púpọ̀ lókè òkun máa ń gé e, torí ojú ìwé kan tó wà nínú férémù máa ń tètè tà ju odindi ìwé ìròyìn lọ. Àwa gbà pé ẹni tó bá gé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kúrò láàrin ọjọ́ tó ti sọ ọ́ ti purọ́ mọ́ ọn díẹ̀, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Òfin tó le ni lóòótọ́, torí òun ló sọ páálí mẹ́ta di mẹ́tàdínlógún.

Nílé wa níbí náà, ẹ̀rí wà. Láàrin 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, *Akéde Èkó*. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ẹni gidi ni, pé arábìnrin náà ń kú lọ lóòótọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà wọ̀nyí di ìwé tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Nígbà tí Karin Barber tún un gbé jáde ní 2012, kò dúró lórí ìtàn nìkan, ó padà sínú ìwé ìròyìn náà, ó sì mú ohun tí àwọn òǹkàwé sọ nígbà náà wá fún wa. Ìwé tí wọ́n dì léyìn lè sọ ìtàn Sẹ̀gilọlá fún yín. Kò lè sọ fún yín pé àánú rẹ̀ ṣe ará Èkó. Ìwé ìròyìn nìkan ló mọ ìyẹn, àwọn kan ló sì bá wa tọ́jú rẹ̀ tí aláàkàrà kò fi rí i gbà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ìtàn kan wà tí gbogbo wa gbọ́ lọ́mọdé. Ìjàpá ń jalè lóko olóko. Olóko gbẹ́ ère, ó fi àtè kùn ún, ó gbé e sáàrin oko. Ìjàpá dé, ó kí ère, ère ò dáhùn, ó gbá a létí, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kejì gbá a, ó fi ẹsẹ̀ ta á, títí gbogbo ara fi lẹ̀ pinpin. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé ìtàn yìí àti irú rẹ̀ dání. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ehoro ló gba ipò Ìjàpá, ọ̀dà dúdú sì gba ipò àtè. Joel Chandler Harris, akọ̀ròyìn aláwọ̀ funfun kan, gbọ́ irú ìtàn wọ̀nyí lẹ́nu àwọn ẹrú, ó sì tẹ ti ehoro àti ọmọ ọ̀dà sínú ìwé ìròyìn *Atlanta Constitution* ní 1879. Ó fi sẹ́nu bàbá arúgbó kan tó pè ní Uncle Remus. Ní 1946, Disney sọ ọ́ di fíìmù tó ń jẹ́ *Song of the South*, ènìyàn gidi lápá kan, káàtúùnù lápá kejì. Káàtúùnù inú rẹ̀, ìtàn ilé wa ni.

Fíìmù yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí wò bó ṣe wù ú. Láti 1986 ni wọn ò ti gbé e sí ilé sinimá ní Amẹ́ríkà mọ́. Odindi rẹ̀ kò jáde sórí fídíò níbẹ̀ rí, ilé iṣẹ́ náà sì sọ ní 2020 pé kò ní sí lórí Disney+. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fi ìgbé ayé àwọn ènìyàn dúdú lóko aláwọ̀ funfun hàn bí ẹni pé kò sóhun tó dùn tó o. Ẹ̀sùn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú tiwa. Ìtàn fíìmù náà wà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti dá ẹrú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò là á mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó lè rò pé ẹrú tó ń fi ayọ̀ kọrin ni òun ń rí.

Bí a bá wá gbọ́ ìtàn yìí lónìí, bó ṣe máa ń dún ni pé àwọn aláwọ̀ funfun fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ènìyàn dúdú kọ̀ ọ́. Ó dùn ún sọ, ó rọrùn ún rántí. Ẹ lọ ka àwọn ìwé ìròyìn 1946. Walter White, olórí NAACP, fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sáwọn akọ̀ròyìn. Ó yin iṣẹ́ ọnà inú fíìmù náà, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwòrán tó gbé kalẹ̀ nípa olówó àti ẹrú. White kò tíì wo fíìmù náà nígbà tó fi í ránṣẹ́, ohun tí àwọn tó rán lọ wò ó kọ wá fún un ló gbára lé. Àwọn kan gbé pátákó, wọ́n dúró níwájú ilé sinimá ní New York. Nínú *Afro-American* ti Baltimore, ìwé ìròyìn tí ẹnìkan tí wọ́n bí sínú oko ẹrú dá sílẹ̀ ní 1892, Richard Dier kọ ọ́ pé fíìmù náà rí òun lára. Nínú *Pittsburgh Courier*, ìwé ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú bákan náà, Herman Hill kọ ọ́ pé ó máa mú kí dúdú àti funfun túbọ̀ rẹ́. Aláwọ̀ funfun ni Bosley Crowther ti *New York Times*, òun náà ò sì gbà fún Disney.

Ṣé ẹ rí i? Ìdájọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa ti pa ẹnu Herman Hill dé. A lè sọ pé ó ṣì í, àwa gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú kan ni, ó wo fíìmù náà, ó ní làákàyè tirẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ohun tó kọ. Tí a bá ní gbogbo ènìyàn dúdú sọ ohùn kan, a ti yí wọn padà sí ohun tí àwọn tó kó wọn lẹ́rú rò pé wọ́n jẹ́: agbo kan, tí ẹni kan lè gba ẹnu gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára lè ṣe aburú báyìí. Àti James Baskett, tó ṣe Uncle Remus! Ní 12 November 1946 tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Atlanta, kò lè bá wọn ṣe ayẹyẹ rẹ̀, torí òfin ìyàsọ́tọ̀ ìlú náà. Ní March 1948 wọ́n fún un ní Oscar àkànṣe. Ní July ọdún náà ó kú. Ìbéèrè bóyá ó yẹ kó gba iṣẹ́ náà, à ń bi ara wa lójoojúmọ́, a kì í sì í fẹnu kò. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ ka ìwé ìròyìn ọdún náà, kó rí irú iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀ fún dúdú tó fẹ́ ṣe sinimá.

Ẹnìkan nínú wa máa ń sọ pé ẹni tó bá fi fíìmù pamọ́ torí kó má baà bí ènìyàn nínú, ó ti fi ẹ̀rí pamọ́ pẹ̀lú. A ò gbà fún un tán. Ọmọ ọdún méje kò nílò ẹ̀rí, káàtúùnù ló fẹ́ wò, ohun tó bá sì wọ orí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í jáde bọ̀rọ̀. Ẹni tó ní fíìmù lè ní òun ò fi hàn mọ́. Àríwísí ńkọ́? Ta ló ni ìyẹn? Kì í ṣe ti Disney. Herman Hill ò lè pè é padà, Dier ò lè tún un kọ. Wọ́n ti sọ ọ́ létí gbogbo ayé, létí àwa náà tí a kò tíì bí nígbà yẹn.

Àwọn fíìmù tiwa, kò sẹ́ni tó fòfin dè wọ́n, ìtọ́jú ló kàn ń sá fún wọn. *Shehu Umar* tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 di ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti sọnù, kí wọ́n tó rí i he nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos, tí wọ́n sì tún un ṣe dé ibi tí wọ́n ti fi í hàn ní Berlin ní 2018. Ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, burú jù bẹ́ẹ̀: *Ọ̀run Móoru*, 1982, àwọn olè dà á kọ sórí fídíò, wọ́n sì tà á jákèjádò ìlú títí owó tó yá fi ṣe é fi di gbèsè sí i lọ́rùn. Ní Niger, Moustapha Alassane ti ń fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe káàtúùnù láti 1966, ó fi ọ̀pọ̀lọ́ jẹ ààrẹ, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ Ìgàndò mọ ọ̀pọ̀lọ́ Disney, wọn ò mọ tirẹ̀. Nígbà tí fíìmù bá bàjẹ́ tán, bébà ló máa jẹ́rìí pé ó gbé ayé rí. Ti ìsinsìnyí wá tún le sí i, torí àríwísí *Lady Buckit and the Motley Mopsters*, tí ọ̀pọ̀ pè ní káàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 2020, àti ti *Iwájú*, tó fi Èkó ọjọ́ ọ̀la ṣe ìtàn ní 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó ni ojú òpó bá kọ̀ láti san owó ọdún kan péré, ó parí nìyẹn. Ẹnìkan nínú wa ti ń tẹ̀ wọ́n sórí bébà ní ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà kan l'Íkọ̀tún. Ẹ̀rín la kọ́kọ́ fi í rín, kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó sí i.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa.

Tíṣà fẹ̀yìntì kan kú ní àdúgbò tí kò jìnnà sí wa. Ó ti tọ́jú ìwé ìròyìn fún bí ogójì ọdún, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ gba yàrá náà padà fún ayálégbé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kó gbogbo ẹ̀ lọ ní ₦6,000, ikán ló kàn ń jẹ ẹ́." A tú díẹ̀ wò. Ìwé tó wà níbẹ̀ ju ₦6,000 lọ fíìfíì, àwa sì mọ̀.

Ọ̀kan nínú wa, oníṣòwò ni, ní ọjà lọjà ń jẹ́. Ó ní a ò parọ́, a ò fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, òun ló dá iye. Ó ní kò sí iyì kankan lára bébà yẹn bí kò ṣe pé àwa mọ̀ ọ́n kà. Nínú ojú wa ni iyì náà wà, kì í ṣe nínú páálí, kò sì sí òfin tó ní ká san owó ojú wa fún ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, a ò lè ta á dànù. Ṣebí bí aláàkàrà bá ra ìwé yẹn ní kílò, kò sẹ́ni tó máa pè é lólè.

Èsì tí a fún un nìyí. Ojú tó ń rí iyì yẹn, kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ní in. Bàbá yẹn ti ní in ṣáájú wa. Òun ló yan èyí tó tọ́jú àti èyí tó jù nù, lójú ẹ̀sín ìyàwó àti ọmọ bóyá, bí tiwa náà. Akẹgbẹ́ wa ni. Ẹni tó bá ra ogójì ọdún làálàá akẹgbẹ́ rẹ̀ ní iye bébà àkàrà lọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ̀, òkú ló rẹ́ jẹ, kì í ṣe ọmọ. Aláàkàrà ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ní tirẹ̀, torí bébà ló rí, bébà ló san owó rẹ̀.

La bá sọ fún ọmọ náà. A sọ iye tí a rò pé ó tó, a sì ní a lè san án díẹ̀díẹ̀. Arákùnrin náà dúpẹ́, ó wọlé, ó tẹ fóònù rẹ̀. Ó rí iye tí wọ́n ń ta ìwé ìròyìn àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ó jáde, ó ní ₦400,000, kò dín kọ́bọ̀. A ò ní in. Ó kó páálí náà sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń retí olówó. Ìyẹn bọ́ sí ìparí March, òjò sì ti ń ṣú.

Oníṣòwò wa ò jẹ́ ká sinmi. Ó ní, "Ẹ sọ òótọ́, ẹ sì pa ìwé." Ó tún mú ọ̀rọ̀ kan wá tí a ò tíì rí èsì sí dòní: ó ní nínú ọjà yìí, ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwa, ọmọ olóògbé, àti àwọn tí a kò tíì bí tó máa fẹ́ kà á, pé a ṣe òdodo sí ẹni kan, a gbàgbé ẹni kẹta tí kò lè tẹ fóònù. Àwa yòókù ṣì dúró lórí pé ó yẹ ká sọ. Òótọ́ tí èèyàn ń sọ kìkì nígbà tó bá máa gbè é, irinṣẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ayọ̀ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí òjò ṣe ń rọ̀ lórí páànù.

Ní Amẹ́ríkà, Nicholson Baker kojú irú nǹkan yìí ní 1999. Ilé ìkàwé ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ta àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dànù, torí wọ́n ti ya wọ́n sínú fíìmù tín-ín-rín. Baker yọ owó tó fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó, ó ra ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó gba ilé ńlá láti kó wọn sí. Ní 2004, Yunifásítì Duke gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jà fitafita pé àwòrán ìwé kì í ṣe ìwé. A bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ àwa ò ní owó ọjọ́ ogbó tí a máa yọ, Èkó ò sì jọ New Hampshire. Àwọn ọ̀dọ́ Archivi.ng níbí ń ya ìwé ìròyìn Nàìjíríà láti 1960 dé 2010 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ènìyàn lè kà á, a sì gbà pé ìyẹn sàn ju páálí mẹ́tàdínlógún tó wà nínú yàrá títì pa. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, yálà ikán ló jẹ ẹ́ tàbí àwa la tì í mọ́lé, ibì kan náà ló parí sí.

A padà lọ bá ọmọ olóògbé. A ní kó pa ìwé rẹ̀ mọ́, kó ta á nígbà tó bá rí olówó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ká fi fóònù ya ojú ìwé tí a bá fẹ́. Ó rò ó, ó ní kò burú, ó tilẹ̀ gbé tábìlì síta fún wa. Sátidé méjì la fi ṣe é. Oníṣòwò wa náà wá, òun ló ń ṣí ìwé.

Sátidé kejì la kíyè sí i pé bàbá yẹn ti fi bíró kọ nǹkan sétí ìwé káàkiri. Ó ń bá àwọn akọ̀ròyìn jiyàn. Níbi tí ẹnìkan ti yin fíìmù, yóò kọ ọ́ pé, "Mo sùn." Níbi tí ẹlòmíì ti bú ọ̀kan, "Irọ́ ni, gbogbo wa rẹ́rìn-ín." Níbi kan, akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé káàtúùnù orí tẹlifíṣọ̀n ń ba àwọn ọmọ jẹ́, pé ìjọba gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Bàbá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi ń wò ó. Kò tíì bàjẹ́."

A pe ọmọ náà kó wá wò ó. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ wa, ó wo déètì, ó fi ìka ṣírò ọdún, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ó ní ká má wulẹ̀ wá olówó bọ̀ mọ́. Ó wá ní kí oníṣòwò wa bá òun wá pákó méjì, kí òun lè gbé páálí náà kúrò nílẹ̀.